Àgbàdo fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Prámárì Kìn-ín-ní: kí la lè fi kọ́ wọn ju kíkun àwòrán lọ?

Tíṣà_P1

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Prámárì Kìn-ín-ní ni kíláàsì mi, ọmọ 36, ọmọ ọdún márùn-ún sí méje. Táàmù kẹta la wà, àgbàdo tútù ti kún ọjà, a sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì so gbogbo iṣẹ́ mọ́ àgbàdo: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, Yorùbá, ìmọ̀ àwùjọ àti iṣẹ́ ọnà.

Èyí tí mo rí káàkiri kò ju pé kí ọmọ kun àwòrán àgbàdo, kó ka hóró dé 10, kó sì jẹ gúgúrú lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ èyí tó nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mẹ́ta ló ń dí mi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, hóró tí a bá gbìn sínú ike ń jẹrà kí ó tó yọ ewé. Ìkejì, kíkà ní Yorùbá láti 15 dé 19 ń da orí gbogbo wọn rú. Ìkẹta, mi ò mọ̀ bóyá a lè ṣe ògì ní kíláàsì tí kò ní iná. Àgbàdo gbígbẹ, ike omi, páálí ẹyin, bébà àti gọ́ọ̀mù ló wà nílẹ̀. Owó kò sí.

Àgbẹ̀_Inú_Ọgbà

Omi ló pọ̀jù, Tíṣà. Hóró àgbàdo ń mí gẹ́gẹ́ bí èèyàn, bó bá sùn sínú omi, kò ní rí afẹ́fẹ́, yóò kú, lẹ́yìn náà ni yóò jẹrà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, nǹkan bí wákàtí 12, kí ẹ dà á kúrò. Ẹ gé orí ike omi tó mọ́ gaara. Ẹ fi tíṣù tàbí bébà tí wọn kò kọ nǹkan sí yí inú rẹ̀ ká, kí ẹ rún bébà mìíràn sí àárín kí ti ẹ̀gbẹ́ lè lẹ̀ mọ́ ike. Ẹ ki hóró mẹ́rin sáàárín bébà àti ara ike, ní ìdajì gíga rẹ̀, níbi tí ọmọ yóò ti máa rí i láti ìta. Kí omi tí ẹ bù sí ìsàlẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Bébà ni yóò máa fa omi gòkè, hóró kò gbọ́dọ̀ kan omi náà rárá. Bí ẹ bá ṣe é báyìí nínú ooru tiwa, gbòǹgbò yóò yọ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ewé yóò sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì.

Irúgbìn náà tún ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n fi oògùn pa ní àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ, nítorí májèlé ni oògùn náà. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń tà fún jíjẹ, kí ẹ da hóró sínú abọ́ omi. Èyí tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ sábà máa ń léfòó, ẹ yọ ọ́ sọnù. Ẹ wá fi hóró 10 dán an wò nílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí 7 tàbí 8 bá hù, ó tó lò. Bí 3 ló hù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ọmọ kan má baà máa wo ike tirẹ̀ lásán títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju pé «ó hù» lọ. Hóró ní ṣónṣó, ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ṣùkù tẹ́lẹ̀ (àwọn kan ń pè é ní kùùkù). Nínú ike kan náà, ẹ kọjú ṣónṣó ọ̀kan sókè, èkejì sísàlẹ̀, ẹ̀kẹta sápá ọ̀tún, ẹ̀kẹrin sápá òsì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ibi tó rò pé gbòǹgbò yóò gbà kí ó tó hù. Èyí tó kọjú sókè yóò jáde, yóò ṣẹ́rí, yóò sì wálẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Bó bá wá di ọjọ́ kẹfà, ẹ da omi ìsàlẹ̀ dànù, kí ẹ dá ike náà dùbúlẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, orí gbòǹgbò tún ti yí sísàlẹ̀.

Ẹ fi ike kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Yóò hù náà, èyí sì máa ń ya ọmọ lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé láìsí oòrùn kò sí ohun tó ń hù. Àmọ́ yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ní ní àwọ̀ ewé. Ẹ gbin ẹ̀wà sí ike kẹta: apá méjì ẹ̀wà yóò là, yóò sì gòkè pẹ̀lú ewé, ṣùgbọ́n àgbàdo yóò yọ ṣónṣó kan ṣoṣo bí ọ̀kọ̀, hóró rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà.

Wíwọ̀n rẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì lè ka rúlà dáadáa, ẹ má fipá mú un. Lójoojúmọ́, kí wọ́n gé ọ̀já bébà tí gíga rẹ̀ bá ti ewé mu, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná, kí wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ sí ìdí rẹ̀. Bó bá fi pé ọjọ́ mẹ́wàá, àtẹ ìdàgbàsókè ti wà lára ògiri, wọn ò sì mọ̀ pé ìṣirò làwọn ń ṣe.

Ìṣirò_Dùn

Kí n tó dé orí 15, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àgbàdo ní tí ọsàn àti ẹ̀wà kò ní. Ìlà hóró tó yí ṣùkù ká fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò ní nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì: 12, 14, 16. Ìdí rẹ̀ ni pé méjì-méjì ni òdòdó tó ń di hóró máa ń so pọ̀ lára ṣùkù.

Ẹ fún tábìlì kọ̀ọ̀kan ní odidi àgbàdo tútù kan. Kí wọ́n bó háhá rẹ̀, kí wọ́n fi máákà sàmì sí ìlà kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láìsí àmì yẹn, ọmọ yóò yí i po, yóò sì ka ìlà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àárín ni kí wọ́n ti kà á, nítorí ìlà máa ń dàrú ní orí. Ẹ kọ iye tábìlì kọ̀ọ̀kan sójú pátákó. Bí tábìlì kan bá ní 13, ẹ má sọ pé wọ́n ṣìnà. Ẹ bi kíláàsì léèrè pé kí ni wọ́n rí nínú nọ́ńbà àwọn yòókù, kí wọ́n to hóró sí méjì-méjì láti wádìí rẹ̀. Bó bá di tábìlì karùn-ún, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò máa ké pé kí wọ́n tún 13 kà. (Ó ṣeé ṣe kí 13 rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ lára àgbàdo tí ìlà rẹ̀ wọ́. Ẹ pa irú rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi hàn wọ́n.)

Kí ẹ tó da irun àgbàdo nù: irun kan, hóró kan. Irun kọ̀ọ̀kan ti ìdí hóró tirẹ̀ wá, lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ láti ìrùkẹ̀rẹ̀ orí igi àgbàdo gbọ́dọ̀ bà lé e kí hóró náà tó gbó. Ibi tí hóró bá ti fò, lẹ́búlẹ́bú kò dé irun ibẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá àlàfo bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì kà á.

Ó wá ku 15 dé 19. Ohun tó ń da orí wọn rú ni pé a máa ń kọ́ wọn láti 11 lọ sí 20 tààrà bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Yorùbá kì í kà bẹ́ẹ̀. Láti 11 dé 14, a ń fi kún 10: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Láti 15, a ti kọjú sí 20, a ń yọ kúrò lára rẹ̀. Ọmọ tí ogún kò tíì yé, kí la fẹ́ kó yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀?

Nítorí náà, 10 àti 20 ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn. Páálí ẹyin ní ihò 30, márùn-ún ní mẹ́fà. Ẹ gé e kó ku márùn-ún ní mẹ́rin, ihò 20. Kí ọmọ fi hóró kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kún: ogún. Ó yọ ọ̀kan: ọ̀kan dín ní ogún, mọ́kàndínlógún. Ó yọ òmíràn: méjìdínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe padà sẹ́yìn dé mẹ́rìndínlógún, kó tó kan ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ihò márùn-ún bá ṣófo. Ẹ rí i pé láti 19 wá sí 15 ni mo gbà, kì í ṣe láti 15 lọ sí 19. Ihò tó ṣófo ni kí ọmọ máa wò, torí òun ni orúkọ nọ́ńbà náà ń pè. Ẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, nítorí «dín» ti farasin nínú rẹ̀, ọmọ kò lè gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ́ ọ nínú àwọn yòókù. Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ má sì tíì dé 25 nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Páálí mìíràn, ẹ gé e sí méjì ní mẹ́fà: ọpọ́n ayò rèé, ihò 12, hóró mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ 48. Ní Prámárì Kìn-ín-ní, pínpín hóró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ihò sí ihò ti tó. Òfin jíjẹ lè dúró.

Nọ́ọ̀sì_Ilé_Ìwé

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Hóró àgbàdo àti imú ọmọdé kì í jìnnà síra. Hóró gbígbẹ máa ń wú bí omi bá kàn án, nítorí náà bó bá wọ etí tàbí imú, ẹ má bu omi sí i, ẹ má sì fi nǹkan yọ ọ́. Ilé ìwòsàn ni. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì ń húkọ́ láìdáwọ́ dúró tàbí tí èémí rẹ̀ ń dún, lọ́gán ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró dè é kó dákẹ́.

Ẹ ka 20 sínú ife kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pín in, kí ọmọ sì ka 20 padà fún yín kó tó dìde. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, odidi àgbàdo ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe hóró.

Ìyá_Ológì

Ògì ṣeé ṣe, Tíṣà. Iná kò sì pọn dandan ní kíláàsì, àfi lọ́jọ́ ìkẹyìn, àgbàlagbà ló sì máa dá a ní ìta.

Agolo mílíìkì mẹ́rin àgbàdo gbígbẹ ti tó fún ìtọ́wò ọmọ 36. Lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, kí omi bò ó dáadáa torí yóò wú. Ẹ gbé e sí ibòji. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹ kò bá fẹ́ kí òórùn rẹ̀ gba kíláàsì. Kí ọmọ fi èékánná tẹ hóró lójoojúmọ́, kí wọ́n sọ bó ṣe rí: lọ́jọ́ Ajé ó le bí òkúta, lọ́jọ́rú èékánná ń wọlé. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Ẹ bi ẹlẹ́rọ léèrè ohun tó lọ̀ kẹ́yìn o! Bó bá jẹ́ ata ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ògì yín yóò ta ọmọ lẹ́nu, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́.

Ní kíláàsì, ẹ na aṣọ ìsẹ́gì tó mọ́ bo ẹnu abọ́, kí àgbàlagbà méjì dì í mú. Àwọn ọmọ ni yóò máa bu omi sí i tí wọn yóò sì máa fọwọ́ rò ó. Èérí yóò kù sókè, ògì yóò sẹ́ sísàlẹ̀. Èyí tó sẹ́ yẹn, ẹ bù ú sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ má fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan, torí ohun tí wọn yóò rí lẹ́yìn náà ni sáyẹ́ǹsì gan-an. Ó kọ́kọ́ funfun látòkè délẹ̀. Ẹ fi máákà sàmì sí ibi tí funfun dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kó tó di àsìkò ilé, omi ti ń mọ́ lókè, ògì ti ń sùn sísàlẹ̀. Ẹ ti fi sísẹ́ àti títòrò kọ́ wọn ní ọ̀nà méjì tí a fi ń ya nǹkan sọ́tọ̀. Ní àárọ̀ Ẹtì, ẹ da omi òkè náà. Ó kan, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí ti jẹ lára ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n sì sọ ọ́ di kíkan.

Sísè: ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ògì kó má ní kókó, kí ẹ da omi tó ń hó lọ́wọ́ lé e, ẹ máa rò ó bí ẹ ti ń dà á. Omi fúláàsì tí ẹ ti bù láti ìdájí kì í gbóná tó. Ẹ̀kọ kò ní dì, yóò kàn ṣàn bí omi ẹfun, ọmọ yóò sì sọ pé ògì kò dùn. Ẹ̀bi yín kọ́ nìyẹn, ooru ni kò tó. Bí ẹ bá ní àgbàdo funfun àti pupa, ẹ ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fojú rí i pé àwọ̀ ògì ti ara hóró wá.

Èérí, ẹ fún adìyẹ.

Àmì_Ohùn

Ẹ̀kọ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: ẹ̀kọ, ẹ̀kọ́, Èkó. Ẹ̀kọ ni dò-re, ẹ̀kọ́ ni dò-mí. Ẹ máa fi ọwọ́ júwe rẹ̀, ìsàlẹ̀, àárín, òkè, kí ẹ tó fi àmì sí i. Ẹ̀kọ́ àti Èkó ní ohùn kan náà, àmì tó wà lábẹ́ ẹ àti ọ ló yà wọ́n. Bí ọmọ bá ti mọ èyí, ẹ lọ sí oko, ọkọ́, ọkọ̀, torí ọkọ́ la fi ń ro oko àgbàdo. «Àgbàdo» fúnra rẹ̀ ní lẹ́tà gb, tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà méjì la fi kọ ọ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí sílébù, mẹ́ta ni: à-gbà-do. Ọmọ tó pa á mẹ́rin ti ya g kúrò lára b.

Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí ìyá àgbà wọn ń pè é. Ẹ lè gbọ́ ìgbàdo, yangan, ọkà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má pe ọ̀kan ní àṣìṣe. Àlọ́ náà wà: ó lọ sóko ní ìhòhò, ó ti oko bọ̀ tòun ti igba aṣọ. Kí wọ́n bó háhá kan ní ìpele-ìpele kí wọ́n tó dáhùn.

Ní ìmọ̀ àwùjọ, ẹ lẹ máàpù mọ́ ògiri, kí ẹ fi okùn tọ ọ̀nà tí àgbàdo gbà. Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, àwọn ará Pọ́túgà sì wà lára àwọn tó gbé e kọjá òkun wá sí etíkun tiwa láti nǹkan bíi 500 ọdún sẹ́yìn. Okùn náà kò dúró níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil gbé ẹ̀kọ dání nínú ìmọ̀ wọn. Títí dòní wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ láti ara àgbàdo funfun, wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, acaçá ni wọ́n ń pè é. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àkàsà ni. Àgbàdo ti Amẹ́ríkà wá, ó sì padà síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wa lára. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ìka tọ okùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tí inú Tíṣà lè má dùn sí: ẹ má fi àgbàdo sí gbogbo iṣẹ́. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní àkókò lójú aago, kí ẹ má ya hóró sí ẹ̀gbẹ́ aago kẹ́ ẹ sì sọ pé àkòrí ni. Ohun tí àgbàdo mọ̀ ọ́n kọ́ni ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó bá sì sọ fún yín pé sáyẹ́ǹsì kò ṣeé fi Yorùbá kọ́, ẹ rán wọn létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní prámárì.

Tíṣà_P1

Ẹ ṣé gan-an ni. Màá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ogún padà sẹ́yìn. Ó ku iṣẹ́ ọnà àti gúgúrú. Ṣé àgbàdo ọjà yìí yóò bẹ́ bí a bá dín in?

Àgbẹ̀_Inú_Ọgbà

Kò ní bẹ́ di funfun. Yóò sán, yóò le, ohun tí à ń fi ẹ̀pà jẹ ni yóò dà. Irú àgbàdo tí ń bẹ́ di òdòdó yàtọ̀: hóró rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ le, ó sì sé omi inú mọ́. Omi inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 14 nínú 100. Bí ooru bá dé nǹkan bíi 180 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì, omi náà ti di oru líle, èèpo kò sì lè mú un mọ́. Ẹ ka hóró 50 irú kọ̀ọ̀kan, kí àgbàlagbà dín wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìkòkò tó ní ìdérí, kí ọmọ ka iye tó bẹ́ àti iye tí kò bẹ́. Bí gúgúrú yín bá ti gbẹ jù tí púpọ̀ kò bẹ́, ẹ bu ṣíbí ìjẹun omi kan sí ife mẹ́ta rẹ̀ nínú ìgò, ẹ dé e pa, ẹ máa mì í lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ tún un dín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, ẹ yí ṣùkù nínú ọ̀dà, kí wọ́n yí i lórí bébà: àmì ihò rẹ̀ yóò jáde ní ìlà-ìlà. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ hóró mọ́ káàdì, ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Ẹ gbé e sókè kí eku má baà dé ibẹ̀, kí ẹ sì kó o kúrò lára ògiri ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí kòkòrò tó jáde nínú rẹ̀.